Okun Tí Ẹ Kí Dókítà

Bàbá mi, alápatà Kábà,

Ẹ ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí mo fẹ́ ròyìn ìjà, ẹ máa ń ní kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Mi ò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹnu mi ni mo pa mọ́.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá yẹn, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ náà tí a gbé yín lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá ò fi bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo sọ fún wọn. Tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ni wọ́n fi mí sí: mò ń nu ilẹ̀, mò ń ti aláìsàn wọlé, mò ń kó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ jáde. Sẹ́kọ́ńdìrì tí mo kà ò gbé mi kọjá ibẹ̀, àmọ́ ojú mi ń ríran níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má wo ọ̀bẹ, kí n máa wo ọwọ́ kejì, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá.

Bàbá, wọ́n ń na àwọn dókítà yìí o. Àgbàlagbà tó ti níyàwó, tó ti kàwé títí, ọ̀gá rẹ̀ á fi ẹ̀mú irin lù ú níka lójú gbogbo wa. Ọdún márùn-ún, mẹ́fà, ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n á dúró láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn á fi wú. Wọ́n ń so òwú mọ́ gbogbo nǹkan kí ọwọ́ wọn lè yá: mọ́ irin fèrèsé, mọ́ etí ife, mọ́ igi mọ́ọ̀pù mi. Ìfun màlúù ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ìfun èèyàn, èmi sì ni mo máa ń lọ gbé e wá lódò ẹran. Àwọn ẹgbẹ́ yín máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Bàbá, ṣé ẹ̀yin dókítà ò mọ ẹran gidi rà ni?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo máa ń wo òpó tí màlúù tó kàn yín ti já.

Mo rí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Okùn já lára òpó, ó lọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, màlúù náà wọ́ yín yí ká, ó wá yíjú padà, ó fi ìwo gbé yín lábẹ́ ìhà. Ojú ọgbẹ́ náà ò ju ìka méjì lọ. Ẹsẹ̀ yín ló bani lẹ́rù, okùn ti bó awọ rẹ̀ títí dé ẹran pupa. Nígbà tí a gbé yín dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan la bá, Dókítà Délé, ará Ìsẹ́yìn, kò tíì pé oṣù kan nílùú wa. Ó ń sáré, ó ń làágùn, ó ń gé ṣòkòtò yín. Ẹ gbé orí sókè, ẹ kí i. "Okun... okun o."

Kí ló dé, Bàbá? Ẹ̀yin ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín, ẹ̀yin lẹ tún ń kí ẹlòmíràn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ máa ń kí àgbẹ̀ tó ń kọjá, ẹ máa ń kí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, ẹ máa ń kí màlúù pàápàá kí ẹ tó dúńbú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ wa ló mọ̀ pé tí a bá kí èèyàn ní "okun", kí agbára má tán lára ẹni là ń wí. Àmọ́ ohùn yín ti wálẹ̀, ará Ìsẹ́yìn ló sì ń gbọ́. Okùn ló gbọ́. Ó wo ẹsẹ̀ yín, ó pariwo sí nọ́ọ̀sì: "Bàbá ní okùn ni! Ẹsẹ̀ ni! Ẹ gbómi wá!" Ẹ̀jẹ̀ ń kún inú yín lọ́hùn-ún, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀.

Èmi fẹ̀yìn ti ògiri. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mo mọ ohun tí òun gbọ́, mo sì ń wo ikùn yín bó ṣe ń wú. Mo sọ fún ara mi pé dókítà ni, ó mọ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé tó fọwọ́ kan ikùn yín, ó ti pẹ́ jù. Orí tábìlì lẹ kú sí. Ṣé ẹ rí mi níbi ògiri yẹn? Ṣé ẹ ń retí kí n sọ̀rọ̀?

Mi ò ní purọ́ fún yín, torí Délé ni mo ṣe wá iṣẹ́ síbẹ̀. Mo fẹ́ rí ọjọ́ tí yóò ṣubú. Kò dá mi mọ̀ lábẹ́ ìbomú. "Àbúrò" ló ń pè mí, ó máa ń bá mi gbé korobá, mo sì ń kórìíra rẹ̀ bó ṣe ń gbé e.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá láti Igbaruku. Àbúrò rẹ̀ ló fi àdá la ikùn rẹ̀ nítorí ààlà oko, àbúrò yìí kan náà ló sì pọ̀n ọ́n dé títì. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ, ó ń fi orí gbá ògiri: gbì, gbì, gbì. À ń gbọ́ ọ nínú.

Ọ̀gá, màmá kúkurú kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, dúró ti Délé. "Ṣé ọwọ́ lo ní àbí ẹsẹ̀? Di ibẹ̀ mú! Mo ní di ibẹ̀ mú!" Ẹ̀jẹ̀ ta dé ara iná orí wa. Aláìsàn méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù yẹn, Ọ̀gá sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Tí ẹlẹ́kẹta bá kú nítorí àìfarabalẹ̀ rẹ, di ẹrù ẹ. O ò ní mú abẹ mọ́ láyé."

Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọlé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó bá kù sínú yóò rà níbẹ̀, aláìsàn yóò sì bá a rà. Sísítà Rèbékà, ọmọ Mopa, ló ń kà á. Ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọn, ọ̀kan nínú aṣọ náà sì ti ya, ó ka ẹ̀yà méjèèjì sí aṣọ méjì. "Ó pé!" Délé bẹ̀rẹ̀ sí í rán ikùn.

Kò pé, Bàbá. Mo ti tò wọ́n sílẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin ló wà nínú ìlà tó kẹ́yìn. Mo sì ti rí ọwọ́ kejì. Nígbà tí gbogbo ojú wà lára abẹ, ọwọ́ òsì Délé ti aṣọ kan sábẹ́ ẹ̀dọ̀, kò sì padà síbẹ̀.

Mo dákẹ́. Ó fa òwú àkọ́kọ́. Mo rí ikùn àgbẹ̀ náà bí yóò ṣe wú, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo rí Délé tó ń kó ẹrù sínú báàgì. Inú mi dùn. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn bíi ti ẹni tí ebi ń pa tó rí oúnjẹ. Ó fa òwú kejì. Orí ń gbá ògiri níta, gbì, gbì. Ó fa ẹ̀kẹta, mo wá rí i pé mo tún fẹ̀yìn ti ògiri, bí mo ṣe fẹ̀yìn tì í lọ́jọ́ tiyín gan-an.

"Ọ̀kan kù!"

Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Korobá bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ni, mà," Sísítà dáhùn. "Mo ti kà á, ó pé. Ìwọ, gbé mọ́ọ̀pù ẹ jàre."

"Mẹ́rìnlá ni, mà. Ọ̀kan ló ya sí méjì. Èyí tó kù wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi tì í síbẹ̀."

"Háà, a ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ́ọ̀pù." Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wo àwọn ìlà mi. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Tú u."

Délé já òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti ọwọ́ bọ inú. Aṣọ náà jáde, ó gùn, ó dúdú, ó ń kán tótó. Ọ̀gá gbé ẹ̀mú irin, ó fi lù ú níka lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ ya, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà jáde. "Lọ fọwọ́, wọ òmíràn, kí o padà wá rán an. Àbí ta lo fẹ́ kó bá ẹ rán an?"

Lẹ́yìn iṣẹ́, ó bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ti kọ́ ìkíni wa. "Àbúrò, okun o."

Mo yọ ìbomú. Mo ní, "Bàbá mi náà kí yín bẹ́ẹ̀. Alápatà tí màlúù kàn. Okùn lẹ gbọ́."

Mo rí i bó ṣe ń gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, omi ń ṣàn lọ lókè orí rẹ̀. "Mo wo ẹsẹ̀," ó ní. "Àbúrò, ẹsẹ̀ ni mo wò."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ yín, mo sì dákẹ́." Mo pa ẹ̀rọ omi náà.

Mi ò tíì dárí jì í, Bàbá. Mi ò tíì dárí ji ara mi náà. Àmọ́ lánàá, àgbẹ̀ yẹn ń bú àbúrò rẹ̀ nítorí ògì tó tutù: "Ṣé o tún fẹ́ pa mí lẹ́ẹ̀kejì ni, ìwọ aládàá yìí?" Àbúrò náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Tí wọ́n bá sì gbé àgbà kan wá láti ilẹ̀ wa báyìí, Délé kì í fọwọ́ kàn wọ́n kó tó pè mí. "Àbúrò, kí ni wọ́n wí?" Mo máa ń kúrò lára ògiri, mo máa ń sọ ọ́ sókè.

Bàbá, okun o. Ẹ̀yin ò ní ṣì mí gbọ́.

Ọmọ yín obìnrin tó ń ka aṣọ.