Ọwọ́ Tí Mo Nà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Káírò

Houston, Texas
Oṣù Kẹwàá, 1986

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Dúró,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó agboolé tí gbogbo wa sá fi sílẹ̀ fún yín. Mo kí Ìyá Dúró, mo kí àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ, mo kí gbogbo ará Ìrágbìjí lọ́kùnrin lóbìnrin. Ṣé oko ò dá yín lágara? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́?

Ẹ óò máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà yín fún oníwèé ìròyìn, tí gbogbo ayé á fi máa bá yín kà á. Ohun tí mo ṣe sí yín, ojú gbangba ni mo ti ṣe é. Mi ò lè fi àpòòwé bò ó. Ọmọbìnrin mi ní kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, mo ní rárá. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ìwọ̀nba a-b-d yẹn ni mo fi ra ilé ní ìlú òyìnbó, òun náà ni n óò fi tọrọ àforíjì.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Ọdún yìí burú fún Houston. Owó epo ti wó lulẹ̀, àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sílẹ̀ fún báńkì, wọ́n ń kó ẹrù sínú mọ́tò lọ sí ibòmíràn. Èmi Àkànní ò kó lọ síbì kankan. Ẹ dé La Porte lónìí, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìfọpo tò sí lẹ́bàá omi, kí ẹ béèrè ọkùnrin dúdú tó ń fọ àgbá epo, wọ́n á júwe ilé mi fún yín. Àgbá tí mò ń wí yìí kì í ṣe àgbá omi ẹ̀yìnkùlé o. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Inú rẹ̀ gbóná bí ààrò, a óò wọ bàtà rọ́bà wọ ibẹ̀, a óò máa fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ epo tó ti dì sí ìsàlẹ̀. Lébìrà ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo bá ọkọ̀ ojú omi dé tí mi ò padà mọ́. Lónìí, èmi ni mò ń gba lébìrà síṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sí lára ń sáré lórí títì ńlá Southwest Freeway, ọmọ yunifásítì ló sì ń wà á fún mi.

Ooru ibí kò yàtọ̀ sí ti ilé, àfi pé ti ilé máa ń bá èèyàn wọlé. Níbí, bí o bá ti ṣí ilẹ̀kùn, otútù ẹ̀rọ á gbá ọ lójú, o ò sì ní rí ẹnì kan tó máa sọ pé o káàbọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé nìyẹn. Ìjọ wa wà ní Sharpstown, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ òyìnbó ní ìwé wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ti dìgírì wọn, mi ò ní tèmi láti sọ. Ewú orí mi ni sáfíìkéètì mi. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe Bàbá Ìjọ, tí wọ́n gbé àga mi sí iwájú, ó dùn mọ́ mi ju ilé tí mo rà lọ. Ìjà tọkọtaya, ìsọmọlórúkọ, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí léèrè ilé wa, mo ní èmi ni àkọ́bí bàbá mi, èmi ni olórí ẹbí, mo ní kò sí ìpàdé tí wọ́n lè ṣe ní Ìrágbìjí tí wọn kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀yin wà láàyè, mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ibi kankan lọ́kàn sí yín. Mo kàn jókòó sórí ìjókòó yín, mo sì rò pé òkun jìn tó.

Nígbà tí físà Amẹ́ríkà kò bọ́ sí i fún yín, ó dùn mí. Bí ìjọ ṣe wá ní àwọn ń lọ sí Íjíbítì lẹ́yìn Àjíǹde, láti rí ilẹ̀ tí Jósẹ́fù ti jẹ oyè àti ibi tí wọ́n gbé Jésù ọmọ ọwọ́ sá lọ, mo ní ọ̀nà ti là. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì yín láti Kánò. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá ni ojú wa ò ti kan ara wọn. Bí n óò ṣe rí yín ni mò ń rò. N kò rántí irọ́ mi rárá àfi ìgbà tí mo dé pápákọ̀ òfuurufú.

A ti dé ṣáájú yín. Ọ̀sán ganjanjan ni, gbogbo wa dúró ti ẹrù wa, èmi ní àárín nínú kóòtù funfun. Ẹ yọ lójú ọ̀nà, ẹ wọ bùbá aṣọ òkè, ẹ fi àpò ọ̀rá kó gààrí àti ẹ̀gúsí dání. Oko ò jẹ́ kí ẹ sanra, irun yín ṣì dú. Èmi ni ikùn mi yọ síwájú, tí orí mi funfun bí òwú. Díákónì Fádípẹ̀, ẹnjiníà kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Cypress lẹ́yìn Houston, wò yín, ó wò mí.

Ó ní, “Bàbá, àbúrò yín nìyẹn?”

Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún mi ti ń tẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́. Ara mi ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ara ṣe ń ṣe bó bá rí ẹni tó jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Díákónì ló bá a lọ́nà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi ni. Mo wá na ọwọ́ ọ̀tún sí yín, bí ọ̀gá ṣe ń na ọwọ́ sí ọmọṣẹ́.

Ẹ wo ọwọ́ náà. Ẹ wo ojú mi. Mo rò pé ẹ óò gbá a dànù, inú mi lọ́hùn-ún sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gbá a dànù. Ẹ gbé àpò yín sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi, ẹ tẹ orí ba.

Ẹ ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà.”

Láti ìgbà yẹn ni ẹ ti di àbúrò mi níṣojú wọn, ẹ sì ṣe é dójú àmì. Ẹ ń gbé báàgì mi. Ẹ kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí mo bá kọ́kọ́ bù. Káírò tóbi, ó ń pariwo, mọ́tò ń fun fèrè láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ilé gogoro tuntun ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí tó ti gbó kọjá ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, odò Náílì sì ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ afárá. Bí a bá fẹ́ sọdá títì, ẹ̀yin lẹ máa ń bọ́ síwájú, tí ẹ óò na ọwọ́ dá mọ́tò dúró fún mi. Díákónì rí i, ó yìn mí. Ó ní mo mọ ọmọ tọ́, ó ní kò wọ́pọ̀ mọ́ kí àbúrò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n báyìí. Èmi tí ẹ̀yin tọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A lọ wo àwọn pírámíìdì. Èèyàn ò lè fẹnu sọ ọ́ tán. Òkúta kan ṣoṣo ga dé àyà mi, wọ́n sì tò ó lórí ara wọn títí ó fi wọ ojú ọ̀run. Ẹ mọ ẹnu mi, mo ní bí wọ́n bá fún mi ní lébìrà tó tó, èmi náà á kọ́ irú rẹ̀ sí La Porte. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ní, “Ẹ óò kọ́ ọ, sà.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ihò tí wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀ kéré. Ọba ì báà wọ ibẹ̀, dandan ni kó tẹ̀ba. Mo tẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi ń ké, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ di igi mú, mi ò rí èémí mí dáadáa. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi, tí ẹ ń fi ọwọ́ tì mí sókè, bí ẹ ṣe máa ń tì mí gun igi ọsàn Bàbá. A dé yàrá òkè, pósí òkúta kan ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń mí gúlegúle. Mo ti tẹ̀ba fún ọba tí kò sí nílé. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lórí mi, tí ẹ ń fi fìlà yín fẹ́ mi, ọwọ́ ni mo nà sí yín ní pápákọ̀.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lúsọ̀, níbi tí àwọn òpó ńláńlá tẹ́ńpìlì àtijọ́ wà. Ère ọba kan jókòó níbẹ̀, ó ga bí ilé, obìnrin kan kò sì tó orúnkún rẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ìyàwó ọba ni, wọ́n ṣe é kéré kí ọba lè tóbi ni. Ẹ wò ó títí, ẹ ní ó jọ pé ẹni tó gbẹ́ ère náà mọ ẹni tó ń sanwó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Díákónì. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ yẹn ni mi ò lè fara dà á mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù lọ rajà, mo ti ilẹ̀kùn yàrá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní ẹ dárí jì mí. Ẹ ń ká aṣọ yín lọ́wọ́. Ẹ ká ìyẹn tán.

Ẹ ní, “Ẹ dìde, sà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́ ni ẹ ti na ọwọ́ sí mi.”

Lẹ́yìn náà ẹ bi mí bóyá n óò mu gààrí díẹ̀. Mo mu ún. Mi ò mọ adùn rẹ̀.

Bí mo ṣe padà sí Houston ni mo ti ń retí kásẹ́ẹ̀tì yín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gba ohùn yín sílẹ̀ fún mi. Adìyẹ á máa ké lẹ́yìn yín, ẹ óò máa pariwo bí ẹni pé mo wà ní òdìkejì odò: Àkànní, ìwọ ọ̀lẹ yìí, ìwọ aláìgbọràn, ṣé ọwọ́ rẹ ti rọ tí o kò lè kọ̀wé sílé? Nínú ọkọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ní gbogbo Texas, kò sí ẹlòmíràn tó lè bú mi. Èyí tó dé lóṣù tó kọjá, ẹ kò bú mi. Ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n wa ti Amẹ́ríkà, gbogbo ilé ń kí yín o, sà.” Mo ya ọkọ̀ sí ẹ̀bá freeway, mo pa ẹ̀rọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá, ọkọ̀ tèmi ń mì. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ẹ ti gbé ipò yín fún mi pátápátá, ẹ ò sì fẹ́ gbà á padà. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan mọ́ láyé. Bàbá ti lọ, Ìyá ti lọ. Ta ló kù tó mọ̀ mí ní ọmọdé?

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo dìde lórí àga iwájú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ. Mo di àga náà mú, èmi tí mo ń gun àkàbà àgbá láìdi nǹkan mú. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà ní kí n fi ọkàn balẹ̀, ó ní ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọdé ń bọ àgbà lọ́wọ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo ní Amẹ́ríkà kọ́ ló gbé mi pọ̀n. Díákónì Fádípẹ̀ di orí mú. Ó rántí pé òun náà ti rán yín ra omi ní Lúsọ̀.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹni tí mo ń rán níṣẹ́ yẹn jù yín lọ?” Mo ní ó jù mí lọ, òun ni bàbá mi. Ó ní òun ò lè fi ẹ̀bẹ̀ òun rán mi, òun á bá mi wá.

Nígbà ọdún Kérésìmesì, nígbà tí ilé bá kún, àwa méjèèjì ń bọ̀. Mi ò ní wọlé. Iwájú ilé ni n óò ti dọ̀bálẹ̀, nínú eruku ọyẹ́, pẹ̀lú ikùn mi yìí, kí Díákónì tí ó ti rí ọwọ́ mi lè rí àyà mi nílẹ̀. Kóòtù funfun yẹn náà ni n óò wọ̀. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀, n óò pẹ́ nílẹ̀. Ohun kan ni mò ń tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní sà. Ẹ pè mí ní Àkànní, kí ẹ bú mi títí á fi tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tó ní kí n dìde.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí dìgbà náà. Ọwọ́ yín kò ní wọ́n lára oko, ẹ óò jẹ èrè ọmọ, ẹ óò sì pẹ́ lórí gbogbo wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Dúró, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ tí mi ò tíì mọ ojú wọn. Ẹ sọ fún wọn, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá lè kàwé kà á sókè, pé ẹni tó kọ èyí kì í ṣe olórí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.

Èmi ni, àbúrò yín,
Àkànní