Àdúrà Tí Mo Gbà Láàárín Òkúta Ilẹ̀ Gíríìsì

Màámi,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi. Dọ̀tun, àkọ́bí mi, ní tí ìyàwó òun bá bímọ, òun ò fẹ́ kí n gbàdúrà lé ọmọ náà lórí. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní yóò bí i. Kì í ṣe pé Dọ̀tun bú mi o. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bínú sí i.

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Thamesmead ní London níbí. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé Bọ̀ọ̀dá Láyí ti bá yín tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe kí òjò tó dé? Mo kí Àǹtí Ṣọlá, mo kí gbogbo ará ilé. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ojú odò kì í jẹ́ kí èèyàn dúró de bọ́ọ̀sì láìgbọ̀n. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣì ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan tó ti ṣe sójà rí ni mo ń lọ wẹ̀ fún láràárọ̀, nítòsí bárékè wọn ní Woolwich. Tí mo bá ti darí dé ilé lọ́sàn-án, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ ń gbé.

Ẹ mọ̀ pé mo pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún yìí. Dọ̀tun àti Tọ́pẹ́ àbúrò rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú mi lọ sinmi ní ilẹ̀ Gíríìsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kí ni mo fẹ́ lọ wò ní Gíríìsì, èmi tí mi ò tíì wá sílé láti ọdún mẹ́ta. Tọ́pẹ́ ní òkun wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù inú Bíbélì náà sì dé ibẹ̀. Ibi tó ti dárúkọ Pọ́ọ̀lù yẹn ni mo ti gbà.

Màámi, mi ò sinmi. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ mọ̀ mí. Dọ̀tun ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Tọ́pẹ́ ti pé ọgbọ̀n, nọ́ọ̀sì ni, síbẹ̀ tí wọ́n bá wọ inú òkun, etí omi ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa ka orí wọn: ọ̀kan, méjì. Tọ́pẹ́ rí gàrí àti ẹja gbígbẹ nínú báàgì mi, ó ní ṣé mo rò pé àwọn ará Gíríìsì kì í jẹun ni. Mo ní wọ́n lè máa jẹun, ṣé mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ni? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun náà ló ń wá gàrí kiri.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbé wa láti àárọ̀ lọ wo ahoro àtijọ́ kan, níbi tí àwọn aláìsàn máa ń wá fún ìwòsàn láyé ijọ́un. Òpó tó ti wó ló wà níbẹ̀, àti ìpìlẹ̀ ilé, àti àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan mọ́. Mo ní ó jọ àwọn ilé ìjọba ní Morris Walk níbi tí mo ti tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà, nítorí wọ́n ti ń wó ibẹ̀ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sanwó wá wo tiwa. Dọ̀tun rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó bá mi gbé báàgì, ó sì di apá mi mú níbi tí òkúta ti ń yọ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọmọ tó jẹ́.

Lẹ́yìn náà la dé ilé ìran kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ sí ara òkè. Àwọn ìjókòó yí po bí ìlàjì igbá, wọ́n ń gòkè lọ ní ìpele ìpele, wọ́n lé ní àádọ́ta. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri dúró, ó ń ṣàlàyé. Orúnkún ti ń dùn mí, mo lọ jókòó sábẹ́ igi, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Àwọn ọmọ gòkè lọ títí dé ìjókòó òkè pátápátá, wọ́n wá kéré bí ìka. Èmi rọra wọ àárín nísàlẹ̀. Òkúta róbótó kan wà níbẹ̀, mo dúró lé e. Wọ́n ti sọ fún wa pé Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù gbé ò jìnnà síbẹ̀. Mo ní kí n má kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgbàdúrà.

Mi ò pariwo. Ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n nítorí àwọn òyìnbó, mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo dijú. Mo dúpẹ́ fún ọgọ́ta ọdún. Mo tọrọ ọkọ rere fún Tọ́pẹ́. Nígbà tí mo dé orí Dọ̀tun, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ láràárọ̀: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí Dọ̀tun fìwà jọ bàbá rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn tó wà lára rẹ̀, fọ̀ ọ́ kúrò."

Ìgbà tí mo lajú, àwọn òyìnbó tó jókòó káàkiri ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n rò pé ewì ni mo ń ké. Ohun tí ọkùnrin yẹn ti ń ṣàlàyé láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn: bó ti wù kéèyàn rọra sọ̀rọ̀ tó lórí òkúta yẹn, ẹni tó wà lókè téńté máa gbọ́ ọ. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, àwọn méjì péré ló mọ Yorùbá, èmi ni mo sì bí àwọn méjèèjì.

Ẹ mọ ohun tí bàbá wọn ṣe. Oyún Tọ́pẹ́ wà nínú mi nígbà tó ní òun rí iṣẹ́ sí Manchester, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Nígbà tí Dọ̀tun pé ọdún mẹ́tàlá, tí ohùn rẹ̀ yí padà, ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan ní kíṣìnnì, àfi bíi pé ọkùnrin yẹn ló wọlé. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà yìí.

Tọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ sáré sọ̀kalẹ̀, ó ní kí ló dé tí mo fi sọ irú ìyẹn. Dọ̀tun ò yára. Ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan bí arúgbó. Ó gbé báàgì mi nílẹ̀, ó ní ká máa lọ, bọ́ọ̀sì ń dúró dè wá. A dé pápá ọkọ̀ òfurufú kí ó tó bi mí bóyá ojoojúmọ́ ni mo ń gba àdúrà yẹn. Mi ò lè purọ́. Mo ní ó ti tó ogún ọdún.

Ó ní, "Mọ́mì, á jẹ́ pé ogún ọdún lẹ ti ń fẹjọ́ mi sun Ọlọ́run, lórí ohun tí mi ò ṣe." Ó tún ní, "Tí ọmọ mi bá dé, mi ò fẹ́ kí ẹ gbàdúrà lé e lórí títí màá fi mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Mo ní ìbẹ̀rù ló fà á. Ó ní òun mọ̀. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ òfurufú, ó bá mi de bẹ́líìtì ìjókòó mi.

Ó ṣì ń wá o. Gbogbo Sátidé ló ń gbé ọjà wá fún mi, á béèrè bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ìgbà kan tí òun lọ ṣàyẹ̀wò ní ọsibítù tí Dọ̀tun ò tẹ̀ lé òun. Màámi, mi ò tíì fìgbà kan dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyẹn rí. Ní báyìí tí mo bá kúnlẹ̀, tí mo dé orí orúkọ rẹ̀, ẹnu mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí gbogbo èèyàn bá ń wo ìyá bàbá ọmọ, kí ni màá sọ?

Mo rántí ọjọ́ tí mo ń tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn kúrò nílé. Ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ sì ti sọ fún mi. Nígbà tí ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí láti gbàdúrà, mo ń retí pé ẹ máa dárúkọ rẹ̀ fún ibi, ẹ ò dárúkọ rẹ̀. Èmi lẹ kì ní oríkì, ohun rere nìkan lẹ sì sọ. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fojú rí ọmọ-ọmọ-ọmọ yín, ẹ ó fọwọ́ gbé e. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ọ̀nà, àti gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdúrà yẹn ránṣẹ́ sí mi bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo fẹ́ kà á fún Dọ̀tun kí ọmọ tó dé, kí ó gbọ́ ọ tán, kí ó sì sọ fún mi bóyá mo lè gbà á lé ọmọ náà lórí. Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́