Wáìnì Gúúsù Áfíríkà Lẹ́nu Mi

Ìkògòsì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Àǹtí Fúnkẹ́, ọ̀gá wa nílé àlejò, dán wa wò lónìí lórí wáìnì Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tó bá yege ti bọ́ lọ́wọ́ abọ́ fífọ̀ nìyẹn.

Ohùn imú Àǹtí gan-an ni mo fi dáhùn: "Ibi méjì tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀ nìyí: àárín òkè ni Stellenbosch wà, bí Òkè-Ìmẹ̀sí. Constantia sún mọ́ òkun, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí àjàrà wọn." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Àǹtí.

"Ó dáa, da díẹ̀ fún mi."

Mo dà á, mo sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí Bàbá àgbà ṣe ń ṣe tí wọ́n bá gbé ẹmu fún àlejò.

"Họ̀wù! Àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìwọ ọmọ yìí!"

"Nílé wa, mà, ẹni tó gbé e wá ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀."

Ẹ̀rín pa á. "Máa sọ ìyẹn fún àwọn àlejò lọ́la tí o bá ń gbé wáìnì fún wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ẹ..."

Ohùn ara mi ni mo fi sọ pé, "Ẹ ṣé, mà." Kò rọrùn rárá o.