Má Yọ Fóònù Yìí Lára Ṣájà

Mutalib, èmi Àjàmú ẹ̀gbọ́n rẹ fi èémí ẹnu lásán jí fóònù rẹ tó ti kú dìde láàárọ̀ yìí. Gbogbo ẹ̀ńjìníà Jeddah wá wòran, ẹkún ni wọ́n sun lọ.

Ìwọ alọ́wọ́-bí-òòlù, o ti tẹ bọ́tìnì ẹ̀ wọlé pátápátá! Fi ìka gbá ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á tàn. Má yọ ọ́ lára ṣájà o! Tó bá kú, bọ́tìnì wo lo fẹ́ fi tàn án? Ọ̀gá tó ń gba alásè fún àwọn alálàájì ní Mina máa pè ọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì, kò sì ní tún olódo bíi tìrẹ pè lẹ́ẹ̀kejì.

Yéè! Ràhímátù ìyàwó rẹ ti yọjú ka ìwé yìí lẹ́yìn mi: “Bọ̀dá, ṣebí èmi ni mo tún un ṣe, tí ẹ̀yin ń hanrun?”

Ó ti ń pe Màmá kó wá gbọ́ irọ́ mi. Mo gba fèrèsé lọ.