Ìyeyè Ẹ̀yìnkùlé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Keje. Òjò òru ti dá.

Òórùn ìyeyè ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Èmi náà ò fẹ́ kó lọ mọ́.

Òun ló jí mi láàárọ̀. Ó ń ta sánsán gba ojú fèrèsé wọlé, bíi máńgòrò tí wọ́n da oyin sí. Mo tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé, mo bá àbúrò ọkọ mi níbẹ̀, ó ń ṣa èyí tí òjò gbọ̀n sílẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ tí mo wọ ilé ọkọ ní Abúlé Òkúta yìí, tí mo ní "Bùkọ́lá, gba abọ́," ni kò ti dá mi lóhùn mọ́. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi. Ta ló sọ fún mi pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, kódà kó jẹ́ àbúrò?

Mo mú ìyeyè kan, mo gé e jẹ bíi máńgòrò. Eyín mi kan kóró, kọ́!

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ rọra! Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀, kẹ́ ẹ wá fà á mu."

Ó kan díẹ̀, ó sì dùn, bí ohun tí mo ti tọ́ wò rí lójú àlá. Omi ń kán sí wa lára láti orí ewé. A ò kúrò níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fẹ́ kó bá mi ká aṣọ lórí okùn. Orúkọ rẹ̀ dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

Mo ní, "Ajítasánsán!"

"Mò ń bọ̀, ìyàwó mi."