Màmá Òṣùwọ̀n àti Súìtì Tí Wọ́n Fọwọ́ Sí

Ọdún 1948 ni a bí ìyá wa, tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ sí Màmá Òṣùwọ̀n. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, agbẹ̀bí ni ìyá wọn. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ibi tí bàbá wọn ti ń fá pákó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1954, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ oúnjẹ ní 1972. Ní 1974, wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, ẹni tó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun kò lè gbé òkèlè mì láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ní 1976, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe òfin ìpanu ọmọdé: iye iyọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà nínú bísíkíìtì, iye ṣúgà, bí súìtì ṣe gbọ́dọ̀ rí kó má baà há ọmọ lọ́fun. Àwọn ni wọ́n gé iyọ̀ inú gúgúrú alápò kù sí ìdajì ní 1989. Àwa ọmọ wọn kò gbádùn o. Ọmọ ẹlòmíràn ń jẹ súìtì lójú ọ̀nà, àwa ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá.

Ní 1998, ilé iṣẹ́ kan gbé súìtì rírọ̀ roboto wá fún àyẹ̀wò. Ìlànà ni pé inú fíríìjì ni gbogbo ohun àyẹ̀wò ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ń bọ́ sórí tábìlì. Màmá fi ìka tẹ súìtì náà, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kò léwu, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó rántí pé inú àpò ìwé tí oòrùn ti pa ni ọmọdé ti ń mú súìtì jẹ. Nínú ooru, kì í fọ́. Ó ń nà, ó ń yọ̀, ó sì ń dí ọ̀nà ọ̀fun.

Ní 2001, ó há ọmọ ọdún mẹ́rin kan lọ́fun nílé ìwé, ọmọ kan ṣoṣo tí aránṣọ kan bí. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá lọ kí aránṣọ náà. Obìnrin náà kò bú wọn. Ó kàn bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n ní kò léwu. Màmá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, wọn kò rẹ́rìn-ín dénú mọ́.

Nílé àdúrà, Màmá ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè máa wo ọ̀fun ọmọ tó ń kọrin.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2008, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ wọn lórí súìtì náà kò fẹ̀yìn tì. Wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe nínú ooru, wọ́n kọ lẹ́tà mọ́kànlélógójì sí ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́ pé kí wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ súìtì náà. Èsì kan náà ló ń padà wá: àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ bá ìlànà mu, fíríìjì sì ni ìlànà. Ta ló kọ ìlànà ọ̀hún? Màmá fúnra wọn ni, ní 1981. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe ìsìnkú, ẹ ti ń sọ fún wa pé Màmá ṣe iṣẹ́ wọn parí. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n a kò ní pa irọ́ ìtùnú fún yín. Wọn kò rí ohun tí wọ́n ń wá. Súìtì náà wà lórí tábìlì obìnrin tó ń tajà lẹ́nu géètì tí ẹ gbà wọlé, ìbuwọ́lù ìyá wa ló sì fún un láyè. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọdé bá jókòó tì yín báyìí, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.

Màmá, kí Ọlọ́run fún yín ní oorun tí ẹ kò rí sùn láti ọdún 2001.