Ìkúnlẹ̀ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Màmá Wa: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọmọ́wùnmí Oyèbọ́lá Ọláfimíhàn (1969–2025)

Òdòjọ́mu ní ìlú Oǹdó ni a ti bí Màmá wa ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1969. Olóògbé Silas Akínbọ̀wálé, oníṣòwò kòkó, ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ìyá wọn, Olóògbé Dẹ́bọ́rà, jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í fi pàṣán ṣeré. Ilé ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Nínú ilé náà, ọmọbìnrin tó bá rí àgbà tí kò kúnlẹ̀, a ó bi í bóyá orúnkún ń dùn ún.

Oǹdó ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ táípù tẹ ìwé. Ní 1994 wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Johnson Ọláfimíhàn, olùkọ́, ọmọ ìlú Ìpógun, wọ́n sì jọ fi àdúgbò Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ṣe ilé. Ní 1996, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́ gbà wọ́n sí ọ́fíìsì tí a ti ń tẹ èsì ìdánwò. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tẹ èsì ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀.

Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ìwé dé. Àwọn aláṣẹ ní iṣẹ́ atẹ̀wé yóò dópin ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án. Kìkì ẹni tó bá mú ìwé-ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú kíkọ ètò kọ̀ǹpútà wá kó tó di ọjọ́ náà ni yóò bọ́ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Atẹ̀wé márùn-ún ló wà ní ọ́fíìsì náà. Mẹ́rin fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọgbọ́n àtilé àwọn lọ ni. Màmá wa, tí wọ́n ń súnmọ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, gba láàpútọ́ọ̀pù Àánú ọmọ wọn. Kí a má parọ́ lórí òkú: àwa ọmọ wọn pàápàá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Adéṣínà ń pè wọ́n ní "Ẹnjiníà Ìyá Àgbà". Oṣù méje ni wọ́n fi kọ́ ètò kíkọ. Wọn yóò kọ ètò, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́, wọn yóò sì máa wá àmì kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ilé ni a ti ń ṣe ìdánwò tí a ó yege kí a tó gba ìwé-ẹ̀rí náà, lórí ayélujára. Ẹni tó ń ṣọ́ni wà lókè òkun, ojú kámẹ́rà ló ti ń wò. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò kò gbọdọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá bá a. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n parí nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyá ọkọ wọn ni, Ìyá Ìpógun, tí wọ́n gbé iṣu wá láìránṣẹ́ ṣíwájú.

"Aya mi, ṣé o wà n'úlé?"

Kí Màmá wa tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún wọn ti kanlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màmá." Nígbà tí wọ́n fi dìde, kọ̀ǹpútà ti fòpin sí ìdánwò. Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a rú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gba iṣu, wọ́n gún iyán fún Ìyá Ìpógun. Ilé ìdáná ni wọ́n ti sunkún.

Olúwafẹ́rànmí, àbíkẹ́yìn wọn, ló tú àṣírí pé ìkúnlẹ̀ yẹn ló fòpin sí ìdánwò. Iyán náà tutù síwájú Ìyá Ìpógun, wọn ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Inú bí wa, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà jà pé ó wá kí ọmọ rẹ̀?

Àyè ìdánwò kan ṣoṣo ló kù: ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí gbèdéke ku ọjọ́ mẹ́fà. Ìyá Ìpógun ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e. Aago mẹ́wàá, iná lọ. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ku ìdajì. Ibẹ̀ ni Bàbá Ọlọ́runníyì, onílé wa, ti dé. Onílé wa kì í gba àìkíni rárá. Ó ti lé ayálégbé kan jáde nítorí rẹ̀ rí.

"Ìyá Ṣínà dà? Ṣé mo ti wá s'úlé tí ẹnìkan ò lè yọjú kí mi?"

Màmá wa gbọ́ ohùn náà nínú yàrá. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ńṣe ni àwọn fi ọwọ́ kan di tábìlì mú kí àwọn má baà kúnlẹ̀. Lóde, Ìyá Ìpógun, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, kúnlẹ̀ fún onílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi ni mo kí yín n'ípò rẹ̀. Bó bá dìde báyìí, iṣẹ́ bọ́."

Ojú ti Bàbá onílé. Ó fa ìyá dìde, ó jókòó tì wọ́n, àwọn méjèèjì sì jọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí ìdánwò fi parí.

Máàkì méjì péré ni Màmá wa fi kọjá iye tí a fi ń yege. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, wọ́n gbé ìwé-ẹ̀rí síwájú àwọn aláṣẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà mọ ètò í kọ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wọ inú èsì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Màmá wa ti rí i tí a tẹ èsì Adélaní kan fún Adélaní mìíràn, tí ọmọ sì fi ọdún kan ṣòfò. Ètò tí wọ́n jọ kọ ní 2023 sọ èsì tí a ń dúró dè fún oṣù mẹ́rin di ti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní 2024 Màmá wa di igbákejì olórí ẹ̀ka náà. Ní Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ́ àwọn atẹ̀wé mẹ́rin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Méjì ti gba ìwé-ẹ̀rí.

Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 2025. Òwúrọ̀ yẹn gan-an ni èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá jáde. Bí a ti ń gbé wọn kúrò ní ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ ń hó ayọ̀ lójú títì, wọ́n ń fi fóònù han ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ Màmá wa.

Wọ́n fi ọkọ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: Adéṣínà, Àánú àti Olúwafẹ́rànmí, ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò wọn Ọládàpọ̀, àti Ìyá Ìpógun, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tí wọn kò ní lè dé ibojì nítorí àgbà kì í sìnkú ọmọ. Ìyá Ìpógun bẹ̀ wá kí a kọ ọ́ síbí pé ìyàwó àwọn kò fi ọ̀rọ̀ ìdánwò náà bú àwọn lọ́jọ́ kan, pé kò sì sí ọmọ tí àwọn bí tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún àwọn.

Màmá wa, ọmọ Akínbọ̀wálé, Jésù tí ẹ sìn ni kó gbà yín sílé. Iṣẹ́ ti tó. Ẹ sùn re o.